Ta Ni Ó Wà Nínú Ilé? Àlàyé Díẹ̀ Lórí Àṣẹ tí A Fi Ń Wo Àwọn tí Ó Wà Lórí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Bí ènìyàn bá kan ilẹ̀kùn ní ilé Yorùbá, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ ti inú ilé jáde ni "Ta nìyẹn?" Ẹni tí ó wà lóde yóò sì dáhùn pé, "Èmi ni." Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ìdáhùn yìí kò já mọ́ nǹkan kan. Ta ni kì í ṣe "èmi"? Bí ẹni inú ilé bá dá ohùn onítọ̀hún mọ̀, yóò ṣí ilẹ̀kùn. Bí kò bá dá a mọ̀, yóò tún béèrè pé, "Ìwọ ta ni?" Ìyá mi kọ́ wa nígbà tí a wà ní kékeré ní Ibafo pé ẹni tí ó bá wí pé "èmi ni" lẹ́ẹ̀mejì tí kò dárúkọ, kí a má ṣe ṣílẹ̀kùn fún un. Mo ti gbàgbé ẹ̀kọ́ yìí pátápátá kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà, tí mo wá rí i pé ẹ̀rọ náà a máa béèrè irú ìbéèrè yìí, a sì máa gba irú ìdáhùn yìí.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ni ó fẹ́ sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà nínú ìwé ẹgbẹ́ wa. Ọ̀rọ̀ orúkọ, ọ̀rọ̀ ilé àti ọ̀rọ̀ àlejò ni mo fẹ́ sọ. Ó kàn jẹ́ pé inú ẹ̀rọ ni ó ti ṣẹlẹ̀.

Ní ọdún 2022, àwọn olùkọ́ yunifásítì da iṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹwàá. Nígbà tí mo ti jókòó sílé fún oṣù méjì, tí ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú burúkú wo bí mo ṣe ń jẹun, mo wá iṣẹ́ lọ sí Mowe. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni ó gbà mí, tí ojú rẹ̀ kọ sí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. A ń ṣe ẹ̀dà ìwé, a ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, a ń bá àwọn ọmọ iléèwé fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB, a sì ń ta Wi-Fi. Ọ̀gá wa ní ṣọ́ọ̀bù kejì ní Ifọ̀, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó sì ń dúró sí ibẹ̀.

Ẹni tí ó bá mọ Mowe àti Ibafo mọ̀ pé Èkó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n a jáde ní ìdájí, wọ́n a padà ní alẹ́. Alẹ́ ni ọjà Wi-Fi wa máa ń tà jù. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù pàápàá, nígbà tí èrò bá ń wọ́ lọ sí Redemption Camp tí ọkọ̀ kò lè rìn mọ́, àwọn tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ dá dúró a máa wọlé wá ra tíkẹ́ẹ̀tì. Tíkẹ́ẹ̀tì yìí jẹ́ pépà pélébé tí a tẹ orúkọ kan àti ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé kan sí. Bí fóònù bá ti kan Wi-Fi wa, ojú ìwé kan yóò yọ, yóò sì béèrè orúkọ. Oníbàárà yóò kọ ohun tí ó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí i, ilẹ̀kùn yóò sì ṣí.

Láti ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí fún un títí di ìgbà tí yóò jáde, tàbí tí àkókò rẹ̀ yóò tán, ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní session. Kí ni a ó pè é ní Yorùbá? Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní ọdún 1984, wúlò fún wa púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́ ni a torí rẹ̀ ṣe é. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń wí pé "àbẹ̀wò". Kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí ẹni tí ó bẹ ilé wò lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ó kí wọn kí ó sì máa lọ. Ọ̀rọ̀ tí àwọn agbẹjọ́rò ti ń lò tipẹ́ ni mo fara mọ́. A máa ń wí pé ilé ẹjọ́ wà ní ìjókòó, pé ìjókòó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, pé ìjókòó ti parí. Ìjókòó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin, ó ní ibi tí ó ti wáyé, ẹnìkan sì ni ó ń jókòó. Ìjókòó náà ni èmi yóò máa pè é nínú àlàyé yìí. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn jù ú lọ, kí ó kọ ọ́ fún olóòtú.

Àṣẹ tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni èyí tí a fi ń bi ẹ̀rọ pé: ìjókòó mélòó ni ó wà nínú ilé nísinsìnyí, ti ta sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn? Mo pè é ní àṣẹ nítorí pé kì í ṣe àwòrán ni a ń tẹ̀ bí a ti ń ṣe lórí fóònù. Ojú dúdú kan ni ó wà níwájú ẹni, tí ó ń dúró de ọ̀rọ̀. A ó kọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́tà sí lẹ́tà, a ó tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ yóò sì jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an. Àwọn tí ó ti ṣiṣẹ́ lórí ọfọ̀ nínú ẹ̀ka wa yóò tètè mọ ohun tí mò ń wí. Bí ènìyàn bá fo ọ̀rọ̀ kan nínú ọfọ̀, kò ní jẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni èyí rí: lẹ́tà kan ṣoṣo tí ó bá ṣì, ẹ̀rọ yóò wí pé òun kò gbọ́.

Àṣẹ irú èyí ti pẹ́ láyé. Nígbà tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie ṣe ètò Unix ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ìwé ìlò rẹ̀ àkọ́kọ́, tí ó jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 1971, ti ní àṣẹ kan tí ó ń jẹ́ "who". Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju "ta ni" lọ. Ní ìgbà náà, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pín lò, bí ìgbà tí gbogbo agbo ilé ń pọn omi nínú kànga kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa ẹ̀rọ náà láti tún un ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹni tí okùn rẹ̀ ṣì wà nínú kànga. Bí ó bá tẹ "who", orúkọ àwọn tí ó wọlé yóò jáde, àti ibi tí olúkúlùkù jókòó sí, àti ìgbà tí ó wọlé. Nígbà tí ó yá, wọ́n ṣe àbúrò rẹ̀ tí ó ń jẹ́ "w" lásán, tí ó ń sọ ohun tí olúkúlùkù ń ṣe lọ́wọ́ mọ́ ọn. Àwọn méjèèjì ṣì wà nínú Linux títí di òní. Àwọn tí ó ń lo ẹ̀rọ Windows tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pín náà ní tiwọn, "query user".

Ní ọdún 1971 yìí kan náà, ní Yunifásítì Stanford, ọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ Les Earnest ṣàkíyèsí pé nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń wo ìwé orúkọ àwọn tí ó wà lórí ẹ̀rọ, wọ́n a máa fi ìka tọ ìlà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí pé orúkọ pọ̀ tí kò sì rọrùn láti kà. Ó ṣe àṣẹ mìíràn tí àlàyé rẹ̀ túbọ̀ yé ènìyàn, ó sì sọ ọ́ ní "finger", èyíinì ni ìka. Ìka yìí gbajúmọ̀ gan-an. Ènìyàn lè jókòó sí ìlú kan kí ó na ìka sí ẹ̀rọ ìlú mìíràn, kí ó mọ ẹni tí ó wà nílé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá ọdún 1988, kòkòrò kan tí akẹ́kọ̀ọ́ Robert Tappan Morris tú sílẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà ìka yìí, pẹ̀lú àwọn ẹnu ọ̀nà mìíràn, wọ inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti ẹnu ọ̀nà náà pa. Kò yẹ kí àjèjì máa mọ ẹni tí ó wà nílé àti ẹni tí ó sùn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Mowe. Ẹ̀rọ tí ó ń pín Wi-Fi ní ṣọ́ọ̀bù wa jẹ́ MikroTik, tí ilé iṣẹ́ kan ní ìlú Riga ní orílẹ̀-èdè Latvia ń ṣe. Irú rẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń ta Wi-Fi káàkiri, nítorí pé kò wọ́n jù, ó sì lè bójú tó tíkẹ́ẹ̀tì. Ètò alárààbarà kan wà tí a fi lè máa wo ohun tí ó ń ṣe, ṣùgbọ́n nígbà tí ènìyàn bá wà ní Mowe tí ó fẹ́ wo ẹ̀rọ tí ó wà ní Ifọ̀, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń wọ́ bí ìgbín, àwòrán kì í tètè jáde. Ọ̀rọ̀ lásán fúyẹ́ ju àwòrán lọ. Nítorí náà ni ọ̀gá wa fi kọ́ mi ní àṣẹ náà. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé mi báyìí:

/ip hotspot active print

Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ìlà mélòó kan yóò jáde, ìlà kọ̀ọ̀kan yóò sì dúró fún ìjókòó kan. Lákọ̀ọ́kọ́, orúkọ tí ẹni náà fi wọlé. Lẹ́yìn náà, àdírẹ́ẹ̀sì tí ẹ̀rọ fún un fún ìgbà díẹ̀, bí ìgbà tí a bá fún àlejò ní nọ́ńbà yàrá. Lẹ́yìn èyí, iye àkókò tí ó ti lò, àti iye tí ó kù fún un. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ náà "detail" kún àṣẹ yìí, àlàyé yóò pọ̀ sí i: yóò sọ bí ó ti pẹ́ tó tí ẹni náà ti dákẹ́ láìbéèrè ohunkóhun, yóò sọ ọ̀nà tí ó gbà wọlé, yóò sì fi nọ́ńbà ara fóònù hàn, àmì méjìlá tí nọ́ńbà àti lẹ́tà dàpọ̀ nínú rẹ̀, tí a fi ń dá fóònù kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn.

Àṣẹ yìí yanjú ọ̀pọ̀ ìjà fún mi. Ọkùnrin kan wọlé ní ọjọ́ kan pẹ̀lú ìbínú pé a ti jẹ owó òun, tíkẹ́ẹ̀tì òun kò ṣí. Mo tẹ àṣẹ, mo sì rí i pé orúkọ tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti jókòó láti ogójì ìṣẹ́jú. Mo bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ Sà, ṣé ẹ fi tíkẹ́ẹ̀tì yín han ẹnikẹ́ni?" Ó ronú díẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò rẹ̀ tí ó ń ṣe mẹkáníìkì lẹ́yìn ilé wa ni ó ti ya fọ́tò rẹ̀. Ní ètò tiwa, ìjókòó kan ni tíkẹ́ẹ̀tì kan ní. Bí ẹnìkan bá ti wà lórí àga, ẹ̀rọ yóò wí fún ẹnìkejì pé kò sí ìjókòó mọ́ fún orúkọ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ tí ó kù.

Ní oṣù Kẹjọ, ọ̀gá wa ṣàkíyèsí pé dátà tí òun ń rà fún Ifọ̀ kò tó oṣù kan mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àṣẹ náà ní òru láti ilé rẹ̀. Alẹ́ mẹ́rin léra léra ni ó rí orúkọ ṣọ́ọ̀bù, orúkọ tí a fi ń wọlé sí kọ̀ǹpútà ibẹ̀, tí kò ní òdiwọ̀n àkókò tàbí ti dátà, tí ó jókòó láti nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ di òwúrọ̀. Aago méje ni wọ́n sì ń ti ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹni méjì péré ni ó mọ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé orúkọ yìí: ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ Ifọ̀. Ọmọ náà kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni òun àti ìyá rẹ̀ sì ń gbé. Ọ̀gá pè é wá sí Mowe, ó gba fóònù rẹ̀, ó ṣí ibi tí nọ́ńbà ara rẹ̀ wà. Kò bá èyí tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀ mu. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Kò parí. Ọ̀gá wí pé àwọn fóònù òde òní a máa pa nọ́ńbà ara wọn dà. Òótọ́ sì ni. Láti ìgbà Android 10 ní ọdún 2019 àti iOS 14 ní ọdún 2020, ọ̀pọ̀ fóònù máa ń ṣẹ̀dá nọ́ńbà mìíràn fún Wi-Fi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá kàn, bí ẹni tí ó ń wọ agbádá ọ̀tọ̀ lọ sí òde ọ̀tọ̀, kí àwọn olùtajà má baà lè tọ pinpin rẹ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn. Nítorí náà, ohun tí ì bá dá ọmọ yìí láre kò lè dá a láre mọ́. Ọ̀gá lé e lọ ní ọjọ́ náà. Ó wí pé ó ń ta dátà ní òru.

Ìyá rẹ̀ wá sí Mowe ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Ìrìn Ifọ̀ sí Mowe kì í ṣe ìrìn kékeré: ó ní láti wọkọ̀ dé Sango, kí ó wọ òmíràn dé Berger, kí ó tún wọ òmíràn gba márosẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí a tó lè dá a dúró. "Ọ̀gá, ẹ foríjì í bí ó bá ṣe é. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kò jalè rí." Ọ̀gá ní kí ó dìde, ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí i, ó wí pé, "Màmá, ẹ wò ó fúnra yín. Ẹ̀rọ kì í purọ́."

Ìyá yìí kò mọ̀wé. Ó wo ojú dúdú náà fún ìgbà díẹ̀, ó wá béèrè pé, "Ṣé orúkọ ọmọ mi ni ó wà níbẹ̀?"

Ọ̀gá kò dáhùn. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù ni ó wà níbẹ̀.

Ìbéèrè yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Ó rán mi létí ìtàn kan tí mo ti kà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1986, ní Lawrence Berkeley Laboratory ní Kalifọ́níà, wọ́n ní kí onímọ̀ ìràwọ̀ kan, Clifford Stoll, wá ìdí tí ìṣirò owó kọ̀ǹpútà wọn fi dín ní sẹ́ǹtì 75. Owó tí kò tó ra búrẹ́dì! Nígbà tí ó tọpa rẹ̀, ó rí i pé ẹnìkan tí ó ń jẹ́ Sventek ń wọlé sórí ẹ̀rọ. Àwọn ará ibẹ̀ mọ Joe Sventek dáradára, ọmọ ilé ni, ó sì gbọ́n nídìí iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n Sventek ti kó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹlòmíràn ni ó jókòó lórí àga rẹ̀. Stoll ṣọ́ ẹni náà fún ọ̀pọ̀ oṣù, àṣírí sì tú pé láti ìlú Hannover ní Jámánì ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Markus Hess, ti ń wọlé, tí ó ń wá ìwé àṣírí ológun tí wọ́n ń tà fún àwọn amí Rọ́ṣíà. Ilé ẹjọ́ Jámánì dá a lẹ́bi ní ọdún 1990. Ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìtàn náà ni pé bí olè yìí bá ti wọlé, àṣẹ "who" wà lára ohun tí òun náà kọ́kọ́ máa ń tẹ̀, kí ó lè mọ̀ bóyá onílé wà nílé. Òun rí orúkọ wọn, àwọn náà rí orúkọ rẹ̀, orúkọ náà kì í sì í ṣe tirẹ̀.

Bí ó bá lè rí bẹ́ẹ̀ ní Berkeley, ó lè rí bẹ́ẹ̀ ní Ifọ̀. Mo tẹ àṣẹ náà pẹ̀lú "detail" ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo sì ka ibi tí èmi àti ọ̀gá ti ń fò tẹ́lẹ̀, ibi tí ó ti ń sọ ọ̀nà tí ìjókòó náà gbà wọlé. Bí ènìyàn bá fi ọwọ́ kọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, ọ̀nà kan ni ẹ̀rọ máa ń kọ síbẹ̀. Ohun tí ó wà níbẹ̀ yìí ni "mac-cookie". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ ní alẹ́ náà rárá. Fóònù kan ti wọlé nígbà kan rí pẹ̀lú orúkọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ sì ti dá a mọ̀. Nígbàkígbà tí ó bá tún yọjú, ẹ̀rọ á wí pé, "Ṣebí ìwọ náà ni," á sì ṣílẹ̀kùn láìbéèrè. Wọ́n ṣe é kí oníbàárà má baà máa kọ orúkọ ní gbogbo ìgbà tí iná ojú fóònù rẹ̀ bá kú. Ọ̀gá ti fi ọgbọ̀n ọjọ́ sí i pé kí ẹ̀rọ máa fi rántí ènìyàn.

Mo bẹ ọ̀gá, ó sì fún mi ní owó ọkọ̀. Mo dé Ifọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo sì tẹ àṣẹ. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù wà lórí àga, ti kọ̀ǹpútà tí mo jókòó tì gan-an. Mo jáde kúrò nínú orúkọ náà, mo fi fóònù mi wo ẹ̀rọ. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù tún yọ, pẹ̀lú nọ́ńbà ara tí kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni o, kì í ṣe òru! Ìgbà yìí ni ó yé mi. Fóònù náà kò yan òru. Ó ń kanlẹ̀kùn láti òwúrọ̀, ṣùgbọ́n àga kan ṣoṣo ni orúkọ náà ní, kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù sì ni ó máa ń wà lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, àga ṣófo.

Àṣẹ mìíràn wà tí ó ń sọ bí ohùn fóònù kọ̀ọ̀kan ti ń dún sí létí ẹ̀rọ. Ti èyí dún ketekete, kò lè jìnnà. Mo jáde síta. Ìyá Alákàrà kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó ń po ẹ̀wà, ọmọdébìnrin kan sì jókòó sórí àpótí lẹ́yìn rẹ̀ tí ó ń wo eré àwòrán lórí fóònù àtijọ́ kan tí ojú rẹ̀ ti là.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà."

"O ṣeun, ọmọ mi. Àkàrà ò tíì jinná o."

Mo ra ti náírà igba sílẹ̀ kí n tó béèrè ọ̀rọ̀. Mo ní ṣọ́ọ̀bù yìí ni mo ti wá, mo sì bi ọmọ náà bóyá fóònù yẹn ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó ní, "Ó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀sán ni kì í ṣiṣẹ́." Mo bẹ ìyá rẹ̀ kí n wo ojú ibi tí Wi-Fi wà nínú rẹ̀. Àmì méjìlá náà pé, ọ̀kan kò yẹ̀. Fóònù náà ti gbó ju àwọn tí ó ń pa nọ́ńbà dà lọ.

"Níbo ni ẹ ti rí fóònù yìí, Mà?"

"Ọ̀gá yín ló fi dí gbèsè àkàrà. Ọjọ́ ti pẹ́ díẹ̀. Kí ló ṣe é?"

Mo ní kò ṣe nǹkan kan. Fóònù ṣọ́ọ̀bù ni tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni ó fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù wọlé sórí rẹ̀, ó sì gbàgbé. Ọmọ náà a máa wo eré títí oorun yóò fi gbé e lọ, fóònù á sì máa fi òru ṣe àtúnṣe ara rẹ̀, tí yóò máa fa dátà bí ẹni fa omi.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí lọ ro ó bọ̀. Ẹ̀rọ kò purọ́ lóòótọ́, bí ọ̀gá ti wí. Ó wí pé orúkọ báyìí jókòó, láti ìgbà báyìí, lórí fóònù báyìí, ó sì gba ọ̀nà báyìí wọlé. Gbogbo rẹ̀ ni ó rí bẹ́ẹ̀. Àwa ni a ka "orúkọ" tí a sì pè é ní "ẹni". Òfin Nàìjíríà lórí ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ, ti ọdún 2015, pa á láṣẹ ní abala keje rẹ̀ pé kí àwọn tí ń ṣe káfẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì máa tọ́jú ìwé tí àwọn oníbàárà ń fọwọ́ sí, kí àwọn agbófinró lè rí i wò. Mo ti ń rò tẹ́lẹ̀ pé kí ni ìwúlò ìwé àti gègé níbi tí ẹ̀rọ ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. N kò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìwé ni ó lè sọ ẹni tí ó gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ ni ó lè sọ ohun tí tíkẹ́ẹ̀tì ṣe. Bákan náà, ẹni tí ó bá ń wo ìjókòó àwọn ẹlòmíràn mọ ìgbà tí aládùúgbò rẹ̀ ń sùn àti ìgbà tí ó ń jí. Òfin ààbò dátà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ka irú nǹkan báyìí sí ohun tí kò yẹ kí a máa gbé kiri, ṣùgbọ́n mo ti rí i ní ṣọ́ọ̀bù púpọ̀ tí ojú dúdú yìí ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú gbogbo oníbàárà.

Ọ̀gá wa kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ nígbà tí mo pè é láti Ifọ̀. Ó ní kí n pa ìrántí fóònù náà rẹ́, kí n sì fún ọmọ iṣẹ́ àti kọ̀ǹpútà ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó lọ sí Ifọ̀ fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ kejì láti bẹ ìyá ọmọ náà. Ọmọ náà padà sí ẹnu iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lò ju oṣù méjì lọ tí ó fi lọ kọ́ iṣẹ́ alumíníọ́ọ̀mù ní Sango. Wọ́n ti pè é ní olè ní àdúgbò kí á tó rí fóònù.

Ọ̀gá ní kí n fún Ìyá Alákàrà ní orúkọ tirẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀fẹ́, pẹ̀lú òdiwọ̀n dátà díẹ̀ lójúmọ́. Nígbà tí mo tẹ àṣẹ láti Mowe ní alẹ́ ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé e, ìlà mẹ́rin ni ó jáde ní Ifọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ iya-alakara.